Oko Ẹgbẹ́ Béèsìbọ́ọ̀lù: Àlàyé lórí Ètò Líìgì Kékeré àti Orúkọ tí ó Yẹ É

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń wá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ tuntun mu gan-an. Ẹni tí ó bá sáré fún nǹkan ní orúkọ kí ó tó mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, orúkọ náà yóò sì ṣòro láti yí padà nígbà tí ó bá ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Béèsìbọ́ọ̀lù kì í ṣe eré tí ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Amẹ́ríkà ń bá a pàdé níbi gbogbo, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá láti ilẹ̀ náà kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òfin eré náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ṣòro jù, nítorí pé ojú lè rí ìyẹn lórí pápá. Ohun tí ojú kò rí ni ètò tí ó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù dàgbà fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gbé wọn wá sí gbangba.

Ètò yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣe àlàyé rẹ̀. Ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù ti wo ètò náà kọ́ṣe. Lẹ́yìn èyí ni yóò dábàá ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá ètò náà mu. Yóò sì fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, èyíinì ni orúkọ tí ó yẹ kí wọ́n máa pe agbábọ́ọ̀lù tí ó wà nínú ètò náà, ju ọ̀ràn èdè lásán lọ: owó oúnjẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti rọ̀ mọ́ ọn rí.

2. Eré náà àti líìgì rẹ̀

Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó máa ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan. Ajùbọ́ọ̀lù yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré, líle, sí alátakò rẹ̀. Alátakò náà yóò fi igi gbá a, yóò sì gbìyànjú láti sáré yí ibùdó mẹ́rin ká kí ó tó padà sí ibi tí ó ti gbéra. Ìgbà tí ó bá yí wọn ká tán ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní àmì kan.

Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà ní òkè pátápátá. Líìgì méjì ni wọ́n pín sí: èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1876, èkejì sì di líìgì ńlá ní ọdún 1901. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní Líìgì Ńlá. Gbogbo líìgì tí ó wà lábẹ́ wọn, tí wọ́n ti ń san owó fún agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì so mọ́ àwọn ẹgbẹ́ 30 náà, ni yóò máa jẹ́ Líìgì Kékeré.

Ó yẹ kí òǹkàwé ṣọ́ra níbí. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn Yorùbá mọ̀ dáadáa, ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lè borí gbogbo ẹgbẹ́ ìpele rẹ̀ kí ó sì gòkè. Ẹgbẹ́ tí ó wà lókè náà sì lè já wálẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Bí ẹgbẹ́ ìlú Memphis borí gbogbo ayé, Líìgì Kékeré ni yóò ṣì wà. Agbábọ́ọ̀lù ni ó ń gòkè, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ kì í kúrò ní ipò rẹ̀ nítorí pé ó borí tàbí pé ó fìdí rẹmi. Ẹni tí kò bá di èyí mú ní àkọ́kọ́ kò lè lóye ohun tí ó kù.

3. Bí oko ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ Líìgì Kékeré ni ó dá dúró. Olówó ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ni wọ́n. Wọn a wá ọ̀dọ́ tí ó mọ eré, wọn a kọ́ ọ, wọn a sì tà á fún ẹgbẹ́ ńlá tí ó bá lè san owó jù. Ọjà ni ibi tí wọ́n ti ń rí agbábọ́ọ̀lù nígbà náà.

Ní ọdún 1917 ni Branch Rickey dé sí ẹgbẹ́ Cardinals. Ẹgbẹ́ náà kò lówó lọ́wọ́. Rickey ní ojú tí ó fi ń dá ọ̀dọ́ tí yóò di ẹni ńlá mọ̀, ṣùgbọ́n ojú náà kò ṣe é láǹfààní tó bí ó ti yẹ. Ní kété tí àwọn ẹgbẹ́ olówó bá gbọ́ pé St. Louis fẹ́ ra ẹnì kan, wọn a gbé owó tí ó ju tirẹ̀ lọ kalẹ̀. Ó wá rí i pé ẹni tí kò ní owó tí yóò fi ra iṣu lọ́jà ní láti gbin iṣu tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1919 ni ẹgbẹ́ Cardinals ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín nínú àwọn ẹgbẹ́ Líìgì Kékeré. Houston ní Texas, Fort Smith ní Arkansas, àti Syracuse ní New York wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí ẹgbẹ́ náà bá jẹ́ tìrẹ, ta ni yóò tún bá ọ dù ú?

Oko ni àwọn ará Amẹ́ríkà pe ètò yìí, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí di òní. Èrè rẹ̀ yá. Láàárín ọdún 1926 sí 1946, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Cardinals gba ipò kìn-ín-ní nínú líìgì wọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sì borí ìdíje àṣekágbá: ní 1926, 1931, 1934, 1942, 1944 àti 1946. Nígbà tí ọdún 1940 fi máa pé, ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ wọn lé ní 30, agbábọ́ọ̀lù tí orúkọ wọn sì wà lọ́wọ́ wọn lé ní 600.

Ṣùgbọ́n oko tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ṣàì ní wàhálà. Kenesaw Mountain Landis, adájọ́ tí wọ́n fi ṣe olórí béèsìbọ́ọ̀lù nígbà náà, kórìíra ètò náà. Ní ọdún 1938, ó rí i pé Cardinals ń darí ẹgbẹ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ nínú líìgì kan náà ní ìkọ̀kọ̀. Ó sì tú agbábọ́ọ̀lù tí ó lé ní 70 sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Rickey fi St. Louis sílẹ̀ lọ sí Brooklyn ní ìparí ọdún 1942. Oko Brooklyn ni ó lò láti fi fọ́ odi tí kò jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú wọ Líìgì Ńlá. Ó gba Jackie Robinson ní ọdún 1945, ó fi í sí ẹgbẹ́ oko wọn ní Montreal, ní Kánádà, fún gbogbo ọdún 1946, Robinson sì bọ́ sí pápá Brooklyn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947.

4. Oko St. Louis lónìí

Ní ọdún 1963 ni wọ́n tún àwọn ìpele Líìgì Kékeré tò, tí wọ́n sì pa àwọn ìpele tí wọ́n ń fi lẹ́tà B, C àti D pè rẹ́. Àtúntò tí ó tóbi jù lọ lẹ́yìn ìyẹn wáyé lẹ́yìn ọdún 2020, ọdún tí àrùn Kòfíìdì kò jẹ́ kí Líìgì Kékeré gbá bọ́ọ̀lù rárá. Nígbà tí eré padà ní ọdún 2021, Líìgì Ńlá ti gba àkóso gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó tó 160 sì ti di 120. Ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin. Johnson City ní Tennessee àti State College ní Pennsylvania, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ oko Cardinals títí di ìgbà náà, wà lára àwọn ìlú tí àtúntò yìí gé kúrò.

Àwọn mẹ́rin tí ó kù fún Cardinals nìyí, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀:

(i) Memphis, ní Tennessee. Ìpele AAA ni, èyí tí yóò máa jẹ́ A Mẹ́ta.
(ii) Springfield, ní Missouri. Ìpele AA ni, èyíinì ni A Méjì.
(iii) Peoria, ní Illinois. Èyí ni A Gíga.
(iv) Palm Beach, tí pápá rẹ̀ wà ní ìlú Jupiter, ní Florida. Èyí ni A Kan.

Lábẹ́ àwọn mẹ́rin yìí ni líìgì àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wà. Ọ̀kan wà ní Jupiter kan náà, níbi tí Cardinals ti ń ṣe ìgbaradì ọdọọdún. Èkejì wà ní orílẹ̀-èdè Dominican, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ láti àwọn erékùṣù Kàríbíà àti Látìn Amẹ́ríkà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó lè wu olùtumọ̀ láti lo ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ti ní, kí ó pe Memphis ní oko etílé, kí ó sì pe àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ní oko ẹgàn. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n yóò ṣini lọ́nà. Peoria, tí ó wà ní ipò kẹta, ni ó sún mọ́ St. Louis jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Memphis, tí ó wà ní ipò kìn-ín-ní, jìnnà jù ú lọ. Etílé àti ẹgàn ń sọ nípa ìrìn ẹsẹ̀. Ohun tí ètò yìí ń sọ nípa rẹ̀ ni bí agbábọ́ọ̀lù ṣe gbó tó nínú iṣẹ́. Nítorí náà, ìpele ni ó yẹ.

Iṣẹ́ tún pín láàárín ẹgbẹ́ olóko àti ẹgbẹ́ oko. Ẹgbẹ́ Memphis ni ó ń tọ́jú pápá, tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ, tí ó sì ń wá èrò ìwòran. Ṣùgbọ́n St. Louis ni ó ń san owó oṣù agbábọ́ọ̀lù àti ti olùkọ́ wọn. St. Louis ni ó ń sọ ẹni tí yóò gbá, ibi tí yóò dúró lórí pápá, àti ọjọ́ tí yóò kúrò. Àwọn ará Memphis lè fẹ́ràn ẹnì kan ní alẹ́, kí wọ́n jí ní òwúrọ̀ kí wọ́n gbọ́ pé ó ti lọ.

5. Ìwé orúkọ àti òfin ìgòkè-sọ̀kalẹ̀

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbà wọ oko. Èkíní ni ìṣàyàn ọdọọdún, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ 30 ti ń tò tẹ̀ léra wọn yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ti girama. Láti ọdún 2021, ìyípo 20 ni wọ́n ń ṣe. Èkejì ni àdéhùn tààrà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè bí Dominican àti Venezuela, tí wọn kì í sí nínú ìṣàyàn náà.

Nígbà tí wọ́n bá wọlé tán, ìwé orúkọ ni ó ń darí ayé wọn. Ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ tí kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 40 lọ. Nínú àwọn 40 yìí ni wọ́n ti ń mú àwọn 26 tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù ní Líìgì Ńlá ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú Ìwé Ogójì kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún St. Louis, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ẹni tí ó wà nínú Ìwé Ogójì ṣùgbọ́n tí kò sí lára àwọn 26 ni wọ́n ń dá padà sí oko. Agbára tí ẹgbẹ́ ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ́ ẹ̀tọ́ ìdápadà. Ọdún mẹ́ta ni ẹgbẹ́ sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ yìí lórí ẹnì kan. Bí ó bá lo ọjọ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oko láàárín ọdún kan, ọdún kan ti lọ nínú mẹ́ta náà. Láti ọdún 2022, wọn kò gbọdọ̀ dá ẹnì kan padà ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín ọdún kan. Kí òfin yìí tó wà, ẹnì kan lè máa lọ, kí ó máa bọ̀ láàárín Memphis àti St. Louis bí ọkọ̀ akérò.

Nígbà tí ẹ̀tọ́ ìdápadà bá tán, wọn kò lè rán an lọ sí oko láìkọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ síwájú àwọn ẹgbẹ́ 29 yòókù. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ẹ lè mú un. Ìjọ̀wọ́ ni orúkọ tí ó bá ìgbésẹ̀ yìí mu, nítorí pé olóko ti jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú fún ìgbà díẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá yóò padà sọ́dọ̀ òun.

Òfin kan tún wà tí kò jẹ́ kí olóko fi ọ̀dọ́ pamọ́ títí láé. Òfin Karùn-ún ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní oko, ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí tí ó fi wọlé, tí orúkọ rẹ̀ kò sì tíì wọ Ìwé Ogójì, di ẹni tí ẹgbẹ́ mìíràn lè yàn ní oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ tí ó yàn án yóò san 100,000 dọ́là, yóò sì fi í sí àárín àwọn 26 rẹ̀ fún gbogbo ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi í lọ olóko àkọ́kọ́ ní ìdajì owó náà.

Irú ìṣàyàn yìí ni ó gbé Roberto Clemente kúrò ní oko Brooklyn ní Montreal ní ìparí ọdún 1954, tí ó fi di ti Pittsburgh, níbi tí ó ti di ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó gbayì jù lọ. Branch Rickey kan náà ni ó ń darí Pittsburgh ní àkókò yẹn. Ẹni tí ó kọ́ gbogbo ayé ní oko dídá ni ó lọ kórè nínú oko tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe àkóso rẹ̀ rí.

6. Bí ènìyàn ṣe lè mọ oko kan

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ oko ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ oko borí. Olùkọ́ ní Peoria lè yọ ọ̀dọ́ ajùbọ́ọ̀lù kúrò lórí pápá nígbà tí ó ń ṣe dáadáa jù, nítorí pé iye bọ́ọ̀lù tí St. Louis ní kí ó jù ti pé. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wúlò ju àbájáde eré lọ.

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 20 tí ó ń ṣe dáadáa díẹ̀ ní A Méjì lè níyì lójú olóko ju ọmọ ọdún 26 tí ó ń ṣe bẹbẹ níbẹ̀ lọ. Ìbéèrè kejì ni ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní St. Louis bá ṣì lágbára, ọ̀nà dí. Bí ẹni náà bá farapa, ọ̀nà lè ṣí láti Memphis títí dé Jupiter láàárín ọjọ́ kan, nítorí pé ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó gòkè fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè kẹta ni ipò orúkọ rẹ̀ nínú ìwé: ṣé ó wà nínú Ìwé Ogójì, mélòó ni ó sì kù nínú ẹ̀tọ́ ìdápadà?

Ìtàn agbábọ́ọ̀lù Cardinals méjì fi hàn pé ọ̀nà oko kì í rí bákan náà. Ajùbọ́ọ̀lù ni Stan Musial nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Williamson, ní West Virginia, ní ọdún 1938. Ní ọdún 1940, ní Daytona Beach, ó ṣubú lé èjìká òsì rẹ̀, èyí tí ó fi ń ju bọ́ọ̀lù, bí ó ti ń bẹ́ láti mú bọ́ọ̀lù kan. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìpele ìsàlẹ̀, àyè wà láti fi ẹnì kan sí ibòmíràn wò. Igi ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ní pàtàkì ní ọdún 1941. Láàárín ọdún kan ṣoṣo náà, ó gba Springfield kọjá sí Rochester, ó sì dé St. Louis ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀ ní ọdún 1963, ó ti gbá bọ́ọ̀lù tí ó gbé e dé ibùdó ní ìgbà 3,630.

Albert Pujols ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Dominican tí ó dàgbà sí Missouri. Nínú ìṣàyàn ọdún 1999, ènìyàn 401 ni àwọn ẹgbẹ́ yàn kí ó tó kàn án. Ní ọdún 2000, ó bẹ̀rẹ̀ ní Peoria, ó lọ sí Potomac, ó sì parí ọdún náà ní Memphis. Ní ọdún 2001, St. Louis ni ó wà, òun ni wọ́n sì sọ pé ó ṣe dáadáa jù nínú gbogbo àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé líìgì rẹ̀. Kí ó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2022, ó ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi pápá ní ìgbà 703.

Àwọn méjì yìí ni oko ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó wọ oko kì í gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní Líìgì Ńlá. Nípa tiwọn ni orúkọ fi di ọ̀ràn.

7. Ta ni agbábọ́ọ̀lù oko?

Bí ètò náà bá jẹ́ oko, kí ni ẹni tí ó wà nínú rẹ̀? Ojú olóko ni orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún un fi wo ọ̀ràn náà: agbábọ́ọ̀lù di irè tí ń hù, tí wọ́n ń kórè, tí wọ́n sì ń tà. Yorùbá kò ní láti gba ìyẹn wọlé. Nínú oko àwọn Yorùbá, irè wà, ẹni tí ń ro oko náà sì wà.

Orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó dà bí ẹni pé ó bá a mu, nítorí pé agbábọ́ọ̀lù oko ń kọ́ṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá mọ ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ ti jọ sọ ọ́. Bí ọjọ́ náà bá pé, wọn a gbàdúrà fún un, a sì lọ dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù oko kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn ìdádúró wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ látijọ́, èyí tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ máa sọ àdéhùn náà dọ̀tun lọ́dọọdún láìbi í léèrè.

Ó lè wá dà bí ìwọ̀fà. Ìyẹn náà kò péye. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ san èlé lórí owó tí ẹbí rẹ̀ yá, bí wọ́n bá sì san owó náà tán, ó di òmìnira. Agbábọ́ọ̀lù ayé Rickey kò jẹ gbèsè kankan tí ó lè san láti fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

George Toolson gbìyànjú láti lo ilé-ẹjọ́. Agbábọ́ọ̀lù oko ẹgbẹ́ Yankees ti New York ni. Ní ọdún 1950 wọ́n ní kí ó lọ sí Binghamton, ní ìpele tí ó rẹlẹ̀ sí èyí tí ó wà. Ó kọ̀, ẹjọ́ rẹ̀ sì dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó pàdánù ní ọdún 1953. Curt Flood, tí ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá fún Cardinals, kọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ sí Philadelphia ní ọdún 1969. Òun náà pàdánù ní ọdún 1972. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni onílàjà kan, Peter Seitz, tú gbólóhùn ìdádúró fún àwọn tí ó wà ní Líìgì Ńlá. Àwọn ará oko kò sí nínú ìtúsílẹ̀ náà. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Flood pè ní ọdún 1998 pàápàá yọ wọ́n sílẹ̀ ní kedere.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti padà wá. Nígbà tí Aaron Senne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ẹjọ́ ní ọdún 2014 pé owó tí wọ́n ń san fún àwọn kò tó èyí tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, àwọn aláṣẹ béèsìbọ́ọ̀lù fèsì pé iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni iṣẹ́ oko, pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Ní ọdún 2018, òfin kan kọjá tí ó yọ wọ́n kúrò nínú àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí àjẹmọ́nú àṣekún iṣẹ́. Orúkọ ni wọ́n fi gé owó.

Ẹjọ́ Senne parí pẹ̀lú ìfẹnukò ní ọdún 2022, fún 185 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, agbábọ́ọ̀lù oko tí ó lé ní 5,000 wọ inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn ará Líìgì Ńlá. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Owó ọdún tí ó kéré jù ní A Mẹ́ta kúrò ní 17,500 dọ́là, ó di 35,800. Ti A Kan kúrò ní 11,000, ó di 26,200. Fún àfiwé, 720,000 dọ́là ni owó tí ó kéré jù ní Líìgì Ńlá ní ọdún yẹn. Nítorí náà ni ọjọ́ kan ní St. Louis fi lè ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Memphis lọ lápò agbábọ́ọ̀lù.

Bí ọ̀ràn ti rí yìí, olùtumọ̀ tí ó bá kọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú ẹjọ́ náà, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá ni agbábọ́ọ̀lù oko. Ó sọ ibi tí ẹni náà wà àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti owó tàbí ti òfin, òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n kọ.

8. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Agbábọ́ọ̀lù oko: ẹni tí ń gba owó láti gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ oko.
Ajùbọ́ọ̀lù: ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù sí alátakò tí ó di igi mú.
Ẹgbẹ́ oko: ẹgbẹ́ Líìgì Kékeré tí ó so mọ́ ẹgbẹ́ ńlá kan.
Ẹgbẹ́ olóko: ẹgbẹ́ Líìgì Ńlá tí ó ń san owó agbábọ́ọ̀lù oko, tí ó sì ń darí wọn.
Ẹ̀tọ́ ìdápadà: agbára láti rán ẹni tí ó wà nínú Ìwé Ogójì lọ sí oko láìfi í lọ ẹgbẹ́ mìíràn.
Gbólóhùn ìdádúró: ìlà inú àdéhùn tí ó fi agbábọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan lọ́dọọdún.
Ìjọ̀wọ́: gbígbé orúkọ ẹnì kan síwájú àwọn ẹgbẹ́ yòókù kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè mú un.
Ìpele: ipò líìgì kan nínú ètò oko, láti A Kan dé A Mẹ́ta.
Ìṣàyàn: yíyan àwọn ọ̀dọ́ ní ọdọọdún, tí àwọn ẹgbẹ́ ń tò tẹ̀ léra ṣe.
Ìwé Ogójì: ìwé orúkọ àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù ní Líìgì Ńlá fún ẹgbẹ́ kan.
Òfin Karùn-ún: òfin tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn yan ẹni tí ó ti pẹ́ ní oko láìwọ Ìwé Ogójì.

9. Ìkádìí

Àlàyé yìí ti fi hàn pé oko jẹ́ orúkọ tí ó bá ètò Líìgì Kékeré mu, nítorí pé olóko kan ni ó ń gbìn, tí ó ń ṣọ́, tí ó sì ń kórè. Ó tún ti fi hàn pé ìpele yẹ ju etílé àti ẹgàn lọ, àti pé ó yẹ kí olùtumọ̀ yẹra fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ìwọ̀fà. Ọ̀rọ̀ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè láti gbé yẹ̀ wò ni ti àwọn ibùdó mẹ́rin àti ti orúkọ ipò kọ̀ọ̀kan lórí pápá, èyí tí kò sí nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí. Nígbà tí wọ́n bá dé orí ìyẹn, kí wọ́n tún kọ́kọ́ wo ilé.